Ẹ Bi Màmá Molue: Táyà Mẹ́fà Láti Inú Móòdù Kan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́tà tó wà lórí tábìlì mi lóṣù yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ẹ̀ẹ́rún ike tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ojú ìwé yìí, kí n tètè sọ ara mi: ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gé páálí àti ike fún àwọn ayàwòrán-ilé ní Èkó, àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n máa ń gbé síwájú oníbàárà kí ó tó yọ owó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, mo kó abẹ mi wá sí Ìbàdàn, mo sì dáwọ́ lé molue. Ẹyọ kan ṣoṣo ni o, ìdá kan nínú 24 ìwọ̀n molue gidi, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ò rí molue rí nínú àwọn páálí àkójọ tí wọ́n ń tà lókè òkun fún ẹni tó fẹ́ to mọ́tò kékeré, àfi kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gé e láti orí ike pẹlẹbẹ.

Èyí tí mo fi tépù wọ̀n, òkú ọkọ̀ ni. Ẹ̀yìn ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìyánà-Ìpájà ló wà lọ́dún 2009, ọdún kan lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Orí férémù Mercedes 911 ni wọ́n kọ́ ọ lé, bí ọ̀pọ̀ molue ti rí. Ọ̀gá mẹkáníìkì náà rò pé mo fẹ́ rà á ni, ó ti ń sọ iye tí yóò gbà fún mi. Ìwé tí mo kọ ìwọ̀n náà sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, epo bàjẹ́ ti jẹ ojú ewé méjì níbẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí lẹ́tà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìbàdàn níbí. Ẹ máa ń sọ pé ike tí wọ́n ń pè ní styrene ni ká fi ṣe ara ọkọ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè é fún mi láti òkè òkun, owó oúnjẹ oṣù kan ni. Ṣé kò sí nǹkan míì tí mo lè lò? — Ọmọ Àpáta"

Ọmọ mi, styrene náà wà nínú ilé yín, ẹ ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ bí Evergreen ní Amẹ́ríkà máa ń gé e ní pẹlẹbẹ àti ní tẹ́ẹ́rẹ́, láti orí èyí tó fẹlẹ̀ gan-an dé orí èyí tó nípọn dáadáa. Kí n má parọ́ fún ọ, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni mo máa ń bẹ ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun pé kó bá mi rà, nítorí ọwọ́ mi ò lè gé èyí tí kò ju mìlímítà kan lọ kó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ? Wo ìdí àwọn ike tí wọ́n ń kó dànù. Èyí tó bá ní àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà 6 wà nínú rẹ̀, òun nìyẹn. Àpótí tí wọ́n ń fi CD sí, styrene ni, ó mọ́ gaara, òun ni gíláàsì fèrèsé molue mi. Ara bíìkì BIC tí a fi ń kọ̀wé níléèwé, èyí tí íǹkì ń hàn nínú rẹ̀, styrene ni òun náà. Ìdérí rẹ̀ kì í ṣe styrene o, gọ́ọ̀mù ò ní mú un.

Bí kò bá sí nọ́ńbà, iyọ̀ yóò sọ fún ọ. Gé ike náà ní ẹ̀là kékeré, jù ú sínú omi lásán, kí o sì fi ìka rì í mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Bí ó bá léfòó, irú ike ìdérí bíìkì ni, sọ ọ́ nù. Bí ó bá rì, bu iyọ̀ ṣíbí ìjẹun ńlá méje sínú lítà omi kan, rò ó títí yóò fi yọ́, kí o wá ju ẹ̀là náà sí i. Styrene yóò gbéra nílẹ̀ wá sókè. PVC tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé ò ní mira. (Páálí funfun tí wọ́n fi ń di ìrẹsì níbi ayẹyẹ, styrene ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Má fi dán èyí wò.)

Bíìkì yẹn ṣì ní iṣẹ́ míì. Igun mẹ́fà ló ní, àbí? Yọ íǹkì rẹ̀ kúrò, mú un sókè iná àbẹ́là, má jẹ́ kí iná fọwọ́ kàn án, kí o máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí àárín rẹ̀ bá ń tẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, gbé e kúrò lórí iná, ka ení, èjì, kí o fà á. Yóò nà di òkùn tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò ní kúrò lára rẹ̀. Wá ibi tó tó mìlímítà kan lé díẹ̀, fi bíléèdì tuntun rẹ́ ẹ bí ẹni ń rẹ́ ilá. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà lára ẹsẹ̀ molue mi, bíìkì kan ló bí wọn.

"Màmá Molue, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá fẹ́ yọ fèrèsé lára ike, etí rẹ̀ a máa rí játijàti, nígbà míì òpó tó wà láàárín fèrèsé méjì a dá mọ́ mi lọ́wọ́. Danfo ni mò ń ṣe. — Olówó Ọkọ̀, Òṣogbo"

Ẹ má yọ fèrèsé mọ́. Kíkọ́ ni ká kọ́ ọ. Ti danfo lè yàtọ̀ díẹ̀ nítorí iléeṣẹ́ Volkswagen ló tẹ irin ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ molue: àwọn tó ṣe é na òpó dúró ná, lẹ́yìn náà ni wọ́n kan páànù mọ́ ìsàlẹ̀ àti òkè, àyè tó ṣẹ́ kù láàárín ló di fèrèsé. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Fèrèsé tí mo wọ̀n ga ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ pín in sí 24, ó di mìlímítà 25. Òpó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 di mìlímítà méjì. Mo gé ẹ̀là ike kan tó jẹ́ 25 gẹ́lẹ́, mo kọ "ỌBA" sí i lára, nítorí òun ni mo fi ń ya ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òkè ní gbogbo fèrèsé. Mi ò tún fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Rúlà ni ojú èèyàn ń ṣì kà.

Ní ti gígé, abẹ ò gbọdọ̀ gé ike já. Ẹ fi kọ ìlà lé e lẹ́ẹ̀mejì, lọ́wọ́ fúyẹ́, kí ẹ wá gbé e sétí tábìlì, kí ẹ ṣẹ́ ẹ. Ó máa dún pá! Ẹni tó bá ń tẹ abẹ mọ́lẹ̀ kíkankíkan, òun ni etí ike rẹ̀ ń wú sókè bí ojú egbò.

Gọ́ọ̀mù náà ṣe kókó. Ẹ kọ́kọ́ to ike méjèèjì kanra ní gbígbẹ, kí ẹ tó fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan ojúkò wọn. Gọ́ọ̀mù olómi bíi ti Tamiya tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé yóò sáré wọ àárín wọn fúnra rẹ̀, bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Ike méjèèjì ló máa yọ́ díẹ̀ tí wọ́n á di ara kan. Acetone tí àwọn tó ń ṣe èékánná ń lò máa ń yọ́ styrene bákan náà, ṣùgbọ́n ó ń yára gbẹ jù, kí ẹ tó gbé búrọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀ ó ti lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Mo fi pọ́tì inú túùbù dí àyè tó wà láàárín òrùlé àti ara ọkọ̀ mi. Mo fi sáńpépà rà á, ó dán, mo kùn ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ibẹ̀ jìn wọnú, ẹni tó jókòó lókèèrè gan-an ń rí i. — Bàbá Ìbejì, Àkúrẹ́"

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tó mú pọ́tì inú túùbù rọ̀ ló ń fẹ́ lọ kí pọ́tì tó le, bí ohun náà bá sì ti ń kúrò, pọ́tì ń sún kì. Orí rẹ̀ máa ń gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ rà á nígbà tí orí gbẹ, inú wá ń bá ìsúnkì tirẹ̀ lọ lábẹ́ ọ̀dà yín. Ẹ fi í sí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú láàárín ìkínní àti ìkejì.

Tí àyè náà bá jìn, pọ́tì alápá méjì, èyí tí a ń po apá méjèèjì pọ̀ kó tó le, ló dára. Milliput tí wọ́n ń ṣe ní Wales, ẹ pò ó dọ́gba dọ́gba bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, ó máa ń le láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ìka tí ẹ ti rì bọ omi ni ẹ ó fi dán an, kí ẹ má fi wàhálà sáńpépà pa ara yín. Èyí tó wà nítòsí wa jù ni body filler àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe, kò wọ́n, kì í sì í sún kì bíi ti túùbù. Ẹ bu u kékeré o, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò ti le mọ́ ṣíbí. Ti ihò tín-ín-rín, èmi a máa po superglue mọ́ pọ́dà ọmọdé. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ rà á. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ di ọ̀la, yóò le ju ike tó yí i ká lọ, sáńpépà á máa jẹ ike, á fi òun sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀: kí ló dé tí àyè tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi wà láàárín òrùlé àti ara? Ike ni kí ẹ fi dí ike. Ẹ gé ẹ̀là tó gba ibẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́, kí pọ́tì wá bo ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù. Kí ẹ tó kun àwọ̀ gidi, ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú fẹ́ ẹ ná. Ọ̀dà eérú kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Mo po résìnì A àti B, ike olómi tó máa ń dì, dọ́gba, mo dà á sínú móòdù rọ́bà tí a fi ń tẹ táyà jáde, ó sì wú bí àkàrà, inú rẹ̀ rí bíi kànìnkànìn. Táyà mẹ́rin ni mo ti sọ nù. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? — Aṣiṣẹ́-Lálẹ́, Ìkòròdú"

Kí ẹ tó lọ ká ẹni tó tà á fún yín mọ́ ìsọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fi rò ó? Inú kí ni ẹ ti rò ó? Lẹ́tà yín ò sọ, ṣùgbọ́n mo lè fi ọ̀bẹ tó mú jù lọ lórí tábìlì mi ta tẹ́tẹ́ pé igi ni ẹ fi rò ó, inú ife páálí.

Polyurethane ni irú résìnì yẹn, omi sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìgò méjèèjì bá ti pàdé omi, wọn a mú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ kan náà tó ń hó nínú míńírà. Omi náà ò sì ní láti jẹ́ èyí tí ẹ máa fojú rí. Ọ̀rinrin wà nínú igi, ó wà nínú páálí, ó wà nínú afẹ́fẹ́ Ìkòròdú tí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ojú mi ti rí i. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìgò tèmi kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni résìnì yóò fi wà ní olómi. Nínú ooru oṣù kẹta n'Ìbàdàn, kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dì mọ́ mi nínú ife. Mo wá ronú ọgbọ́n: mo gbé ìgò méjèèjì sínú fìríìjì di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbé wọn jáde, mo ṣí wọn lójú ẹsẹ̀, ìrì bo ìgò lóde, ìrì bọ́ sínú rẹ̀. Mo jókòó ti móòdù, mò ń wò ó, táyà yọ orí jáde bíi búrẹ́dì, ó gun etí móòdù, ó ń bọ̀ wá bá mi lórí tábìlì. Ọmọ àbúrò mi tó ń wò mí bi mí bóyá yíìsì ni mo fi sí i. Ìgò méjèèjì ló bàjẹ́, kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi.

Nítorí náà, ife ike gbígbẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi ike tàbí irin rò ó. Ìgò ò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ kọjá ìgbà tí ẹ ń dà á. Ẹ sá móòdù sóòrùn lọ́sàn-án kí ọ̀rinrin jáde lára rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó lò ó. Ìwọ̀nba táyà kan ni kí ẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan, ooru ò ní rí yín mú. Èmi o, ìgbà ọyẹ́ ni mò ń da tèmi, nígbà tí ètè gbogbo ènìyàn ń là.

Bí ó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló wà ní igun táyà, tí ara tó kù sì le dáadáa, ìyẹn kì í ṣe omi, afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ ni. Ẹ fi pọ́dà fọ́n inú móòdù, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, ìwọ̀nba tó kù lára rọ́bà yóò fa résìnì wọ àwọn kọ̀rọ̀. Kí ẹ sì dà á tẹ́ẹ́rẹ́, láti ẹ̀gbẹ́ kan, kó máa lé afẹ́fẹ́ lọ síwájú.

Ẹ ò bi mí nípa móòdù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n táyà ni ẹ ń ṣe, mi ò sì lè dákẹ́. Molue ní táyà méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ẹni tó bá fọwọ́ gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á yàtọ̀ síra. Mo gbẹ́ ẹyọ kan, ìyá wọn. Táyà gidi ga tó mítà kan, nítorí náà ìyá náà ga ní mìlímítà 42. Mo gé ike róbótó, mo lẹ̀ wọ́n lé ara wọn, mo kó wọn sẹ́nu dírìlì, mo fi sáńpépà rà á bó ṣe ń yí, mo wá fi fáìlì tín-ín-rín ya èékánná táyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin. Mo lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àpótí ike kékeré. Kí n lè mọ iye rọ́bà tó máa gbà, mo da ìrẹsì kún àpótí náà, mo sì da ìrẹsì yẹn sínú ife ìwọ̀n. Rọ́bà sílíkónì àti òògùn rẹ̀, orí òṣùwọ̀n ni ká ti pò wọ́n, kì í ṣe ojú la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì pa díẹ̀ sí gbogbo kọ̀rọ̀ ara ìyá, kí ẹ tó da ìyókù láti òkè, tẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin. Ó di ọ̀la kí ẹ tó tú u.

Àwọn asúde Ifẹ̀ tó ṣe orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ìda ni wọ́n fi ṣe ìyá tiwọn. Bí ìda bá ti yọ́, ìyá ti lọ nìyẹn, ẹ̀dà kan péré ló kù. Rọ́bà kì í pa ìyá. Àṣìṣe ìyá ni kì í gbójú fò. Nígbà tí mò ń ṣe tèmi, gọ́ọ̀mù wà ní àtàǹpàkò mi, mo sì fi kan ẹ̀gbẹ́ táyà. Mo rí i. Mo ní kò sẹ́ni tó máa rí i. Rọ́bà dà á kọ, résìnì dà á kọ, títí di òní ojú àtàǹpàkò mi wà lára táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìlà rẹ̀ ò sonù kan, ẹni tó bá fẹ́ fi mú mi ní tèsàn ọlọ́pàá lè mú mi. Ẹ fi ọ̀dà eérú fẹ́ ìyá kí ẹ tó da rọ́bà lé e.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé résìnì àwọn tó ń fi fíbà ṣe táǹkì ò wọ́n tó báyìí. Òótọ́ ni, ó sì ṣeé dà sínú rọ́bà. Ṣùgbọ́n polyester ni, styrene olómi wà nínú rẹ̀, bó bá kan ara ọkọ̀ yín yóò jẹ ẹ́. Òògùn méjì ni wọ́n ń fi sí i kó lè dì, cobalt àti MEKP. Ẹ ò gbọdọ̀ da òògùn méjèèjì pọ̀ tààrà láé, ó lè gbiná, ó lè bú. Ẹ kọ́kọ́ ro ọ̀kan wọ inú résìnì títí yóò fi pò tán, kí èkejì tó wọlé.

"Màmá mi, London la wà. Ọkọ mi ti sọ ilé ìdáná mi di iléeṣẹ́. Ó fi ṣíbí mi ro résìnì, ó ní òun ti fọ̀ ọ́. Nítorí òtútù, kì í ṣí fèrèsé. Ẹ bá mi bá a wí. — Ìyàwó Ilé, Camberwell"

Ọkọ ìyàwó, mo mọ̀ pé ìwọ náà ń ka ojú ìwé yìí. Ṣíbí yẹn ti di tìrẹ, ra òmíràn fún un. Ohun tí résìnì bá ti kàn kì í padà sórí tábìlì oúnjẹ. Èéfín polyurethane lè fa àìsàn asthma, tí èèyàn kì í lè mí dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan ni ara rẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ ọ́. Bí òtútù bá mú, wọ kóòtù, kí o ṣí fèrèsé. Bí o bá ń fi sáńpépà ra résìnì tó ti gbẹ, inú omi ni kí o ti rà á, kí eruku má gbéra. Ìbòmú aláṣọ ò gba èéfín dúró, èyí tí àwọn tó ń fẹ́ ọ̀dà mọ́tò ń lò ni kí o wá. Gígé ike lásán ò léwu, ìyẹn o lè ṣe é nídìí tẹlifíṣọ̀n bí ìyàwó rẹ bá gbà. Màá fẹ́ mọ ohun tó ò ń kọ́ o, lẹ́tà ìyàwó rẹ ò sọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò, mo fi sílípáàsì ṣe táyà, ṣùgbọ́n táyà náà kì í rí róbótó. — Ìṣẹ́yìn"

Káàárọ̀, ọ̀gá mi. Má fi ọ̀bẹ gé e yípo. Wá ìdérí ìgò míńírà onírin, pọ́n etí rẹ̀ lára òkúta títí yóò fi mú, fi lé orí sílípáàsì, kí o fi òkúta gbá a wọlé lẹ́ẹ̀kan. Agbo tí yóò gé jáde ni táyà rẹ. Fi ìṣó tó gbóná díẹ̀ lu àárín rẹ̀, kí àgbàlagbà wà níbẹ̀ nígbà tó o bá ń yan ìṣó. Tó o bá ṣe mẹ́rin tí wọ́n dọ́gba, fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi nínú àpò ìwé, mo fẹ́ fi wé tèmi.